Àbùlẹ̀ Ìrù Bàálù

Tí ẹ bá wọ yàrá obìnrin yìí lónìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ ogun. Ìrọ̀rí àga ló ń rán, àti ìbòrí ìjókòó mọ́tò, àti gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn lè fi ìdí jókòó lé. Òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ wà láàárín ilé, ibi tó ń sùn sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan tí òun fúnra rẹ̀ rán. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Télọ̀ Bàálù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ ìdí ẹ̀. Àwọn kan rò pé torí pé ó máa ń yára parí iṣẹ́ ni. Ẹ gbà mí! Obìnrin yẹn ò yára parí nǹkan kan rí. Tí ẹ bá gbé àga yín fún un, ẹ tètè lọ wá ibòmíràn jókòó.

Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà o. Bàálù ló ń ránṣọ fún nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, bàálù ogun pàápàá. Ṣé ẹ mọ àwọn bàálù ajagun àtijọ́ yẹn, àwọn tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú wọn, tí abẹ̀bẹ̀ ńlá kan ń yí níwájú? Irin ni ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá ìrù tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láti fi darí wọn, aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. Aṣọ gidi. Wọ́n á fa kánfáàsì bo egungun irin náà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn rán an mọ́ ọn, wọ́n á lẹ tẹ́ẹ̀pù aṣọ mọ́ ojú ìrán náà kí atẹ́gùn má bàa rí i tú, wọ́n á wá fi ọ̀dà kan tó ń ta ènìyàn nímú kùn ún títí tí yóò fi le bí páálí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fọwọ́ kàn án, á ní irin ni.

Ọ̀gá mẹkáníìkì pápá bàálù ló wá a rí. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé nígbà tí ọkùnrin náà wọlé, tó ní òun ń wá ẹni tí ìrán rẹ̀ dọ́gba, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ nawọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ máa mú tibí yìí lọ. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, ẹ padà wá bú mi." Bó ṣe dèrò pápá bàálù nìyẹn.

Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ bàálù ni, ó ń fi bàálù kékeré fọ́n oògùn sí oko àwọn àgbẹ̀. Farabalẹ̀ ni gbogbo pápá ń pè é, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Iná ń jó? "Ẹ farabalẹ̀." Ọ̀gá ń pariwo? "Ẹ farabalẹ̀, sà." Lọ́jọ́ tí obìnrin yìí ń rọbí, tó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú tó ń ké, ọkùnrin náà ní, "Farabalẹ̀, ìyàwó mi," ni ìyàwó bá yọwọ́ ìgbájú fún un. Ìgbájú kan ṣoṣo tó gbá ènìyàn rí láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín fún ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọbìnrin tí wọ́n bí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jókòó nígbà tí àwọn oní-fíìmù dé. Fíìmù ogun ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ti lọ ra àwọn bàálù ajagun tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé onílé káàkiri, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn wá, wọ́n ní kí ọ̀gá mẹkáníìkì jí wọn dìde. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ wọ́n lórúkọ. Ẹlẹgẹ́ ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbà láti ṣiṣẹ́ bí òtútù bá ti mú. Abuké kì í tiẹ̀ ṣe bàálù ogun, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi páànù bo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè jọ ti ọ̀tá. Pẹ́pẹ́yẹ gba orúkọ tirẹ̀ nítorí bó ṣe ń mi ìdí tó bá ń rìn nílẹ̀. Èyí tó kù, tó jẹ́ ìbejì Pẹ́pẹ́yẹ láti iléeṣẹ́ kan náà, ni Olójú-méjì.

Ọ̀rọ̀ Olójú-méjì gba àlàyé. Bàálù ò tó, ogun sì pọ̀ nínú ìtàn tí wọ́n ń yà. Ọ̀gá fíìmù bá ní kí wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ní àwọ̀ àwọn akọni, kí wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ní àwọ̀ ọ̀tá. Bó bá fò kọjá níwájú kámẹ́rà lọ síhìn-ín, akọni ni. Bó bá yí padà bọ̀, ó ti dọ̀tá nìyẹn. Farabalẹ̀ ni wọ́n gbé e fún. Nígbà mìíràn wọ́n á de agolo èéfín kan mọ́ ọn nídìí, kó lè dà bíi pé ìbọn bà á, á tan èéfín náà lókè, á sọ̀ kalẹ̀ wìì sẹ́yìn òkè kan tó wà létí pápá, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà á rọra gba ẹ̀yìn òkè náà yọ, á wá balẹ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á ní, "Mo lé ara mi títí lónìí, n ò bá mi." Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé obìnrin yìí rẹ́rìn-ín rí.

Kí fíìmù náà tó parí, Olójú-méjì já bọ́ pẹ̀lú Farabalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyàwó ò sunkún. Àwọn obìnrin àdúgbò jókòó tì í, wọ́n ń wojú ẹ̀, wọ́n ń retí. Wọ́n sunkún sunkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n, òun ló dìde tó bu omi fún wọn mu. Ìyá ọkọ rẹ̀ là á mọ́ ọn lójú, ó ní òkúta ni ọmọ òun fẹ́. Kò bínú sí ìyá náà. Ṣé ẹ ti lọ yọ eyín rí, tí dókítà gún yín lábẹ́rẹ́, tí ẹ wá ń fọwọ́ kan ètè ara yín bí ẹni kan ètè ẹlòmíràn? Bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń dúró kí oògùn náà tán lára òun. Nígbà tó yá, kò dúró mọ́. Ó padà sí pápá, ó rán ohun tí wọ́n ní kó rán, ó tọ́ ọmọ. Nígbà tí kò sí bàálù aláṣọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìrọ̀rí.

Ọ̀gá fíìmù wá kí i lákòókò ọ̀fọ̀ náà. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní fíìmù tí àwọn yà lọ́jọ́ burúkú náà, àwọn ti sun ún, ojú kankan ò ní rí i láé. Obìnrin yìí ní, "Ẹ ṣeun, sà." Nígbà tí fíìmù ọ̀hún jáde, gbogbo ìlú tò láti wò ó, òun ò lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á. Kò ṣáà wù ú ni.

Ọmọ yẹn ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó ti bímọ tiẹ̀. Kò mọ bàbá rẹ̀ rárá. Fọ́tò tó wà nílẹ̀ ò ju ti ìgbéyàwó lọ, níbi tí Farabalẹ̀ ti dúró gbọnrangandan nínú kóòtù tó yá, tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ń fún un. Láti kékeré lọmọ náà ti ń bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Rárá."

"Báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ó máa ń fara balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ọmọ wá yíjú sí fíìmù náà. Kò sígbà tí wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí kì í wò ó. Ojú bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀, torí òṣèré ni wọ́n máa ń gbé síwájú tí kámẹ́rà bá ti sún mọ́. Bàálù nìkan ló kù fún un láti wò. Ohun tó sì ń fẹ́ ò pọ̀: kó rí àwòrán kan péré tó lè nawọ́ sí fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó ní, bàbá mi nìyí, ẹ wò ó bó ṣe ń fò. Ìyá rẹ̀ nìkan ló lè sọ bàálù tó jẹ́ tirẹ̀ fún un.

Bó ṣe wá ní ọ̀sán Sátidé kan nìyẹn, ó gbé kọ̀ǹpútà há abíyá, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé nǹkan pẹlẹbẹ ńlá kan tó fi aṣọ ibùsùn wé. Ó gbé nǹkan náà ti ògiri.

"Mọ́mì, ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìjókòó mọ́tò dókítà ni mò ń ṣe. Ọ̀la ló fẹ́ gbà á."

"Ẹ jẹ́ kí dókítà dìde dúró wa mọ́tò. Ẹ wá jókòó síbí."

Ìyá rẹ̀ wá jókòó. Ọmọ ṣàlàyé fún un pé àwọn ọkùnrin kan wà lórí ayélujára tí wọn ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa wo fíìmù ogun, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n máa jiyàn pé bàálù wo nìyí. Ẹ má fojú di wọ́n o. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ bàálù kan yàtọ̀ sí èkejì, wọ́n mọ ihò èéfín, wọ́n mọ gíláàsì orí. Ẹlẹgẹ́ àti Abuké ò sọnù mọ́ wọn lójú rí. Ohun tó ká wọn lọ́wọ́ kò ni Pẹ́pẹ́yẹ àti Olójú-méjì, torí ìbejì ni wọ́n, àwọ̀ yòówù tí wọ́n bá sì kun Pẹ́pẹ́yẹ, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lára Olójú-méjì.

"Ẹ̀yin lẹ rán ìrù wọn," ni ọmọ wí. "Ṣé ẹ lè dá wọn mọ̀?"

"Pẹ́pẹ́yẹ, tẹ́ẹ̀pù fífẹ̀ ni mo lò fún un. Ó tán kí n tó dé orí èkejì. Tẹ́ẹ̀pù tín-ín-rín ló wà lára Olójú-méjì."

Ẹnu ya ọmọ náà. Láti ìgbà tó ti ń bèèrè, kò rò pé ẹni tó ń rán ìrọ̀rí lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní irú èsì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Àbí ta ló tíì bi í ní ti tẹ́ẹ̀pù?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ìyá gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ dání, ó ń fi tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà bíi pé ọ̀gá mẹkáníìkì ló ní kó wá yẹ iṣẹ́ wò. "Òun kọ́." Ọmọ tẹ̀ ẹ́ síwájú. "Òun kọ́. Òun kọ́. Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn."

"Mọ́mì, àwọn ọkùnrin yẹn ní Abuké nìyẹn o. Wọ́n ní ẹ wo páànù tó wú lẹ́yìn."

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Abuké ni. Bá mi kí wọn."

Lẹ́yìn náà bàálù kan yọ láti inú kùrukùru, ó fò kọjá lókè odò, oòrùn ń tàn lápá rẹ̀. Ìyá ní, "Òun nìyẹn."

Ọmọ pariwo. Ó dá a dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn. "Bàbá mi! Ẹ wo bó ṣe rọra yí! Ẹ ò wò ó ni?"

"Mò ń wò ó. Tẹ́ẹ̀pù yẹn wọ́ níwọ̀nba."

"Mọ́mì! Ọkọ yín ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ń wò!"

Òótọ́ lọmọ náà sọ, ìyá rẹ̀ sì mọ̀. Ó tiẹ̀ ń wò ó bóyá nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ nínú òun. Ọkọ òun wà nínú nǹkan tó ń fò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin ìdarí, bóyá ó ń kọrin, torí ó máa ń kọrin lókè níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè ní kó dákẹ́. Ó rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì dúró. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà, bàálù ni bàálù. Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ìka rẹ̀.

Wọ́n wò ó lọ. Bí ìyá bá ti ní òun nìyẹn, ọmọ á fò sókè nínú àga bí ọmọdé. Nígbà tó kan ibi tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nínú fíìmù náà, ọmọ dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, bàálù ọ̀tá kan á yọrí láti inú àwọsánmà, á gòkè lọ síbi tí oòrùn wà, á yí, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tí òkè á fi gbé e mì. Àwọn tó mọ fíìmù ní kò sí ibi tó rẹwà tó ibẹ̀.

"Torí ibí yìí ni mo ṣe wá," ni ọmọ wí. "Àwọn ọkùnrin yẹn ti jiyàn títí, wọn ò mọ̀ bóyá Pẹ́pẹ́yẹ ni àbí Olójú-méjì. Àmọ́ èmi mọ̀. Ara mi ti ń sọ fún mi láti kékeré. N ò tiẹ̀ lè dúró, mo ti lọ ṣe é."

Ó fa aṣọ ibùsùn náà kúrò. Àwòrán ńlá ni, férémù igi dídán ni wọ́n fi há a. Bàálù náà wà láàárín rẹ̀, ó gbé orí sókè, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú.

"Ògiri yìí la máa gbé e kọ́ sí, ní ọ̀kánkán ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ kàn máa gbójú sókè, ẹ máa rí i. Mo ti ṣe èyí tó kéré fún ilé mi náà, òkè bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kọ́ ọ sí. Ṣé òun ni?"

Ìyá rẹ̀ ò wo oòrùn, kò sì wo èéfín. Ìrù ló wò, bó ṣe máa ń ṣe. Tẹ́ẹ̀pù tín-ín-rín ló wà níbẹ̀. Àmì kan wà nísàlẹ̀ tẹ́ẹ̀pù náà, ó funfun ju ara ìrù yòókù lọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kò sì ní igun. Bí wọ́n ṣe ń gé àbùlẹ̀ bàálù nìyẹn, róbótó ni, kí atẹ́gùn má bàa rí igun tó máa ṣí. Ó mọ àbùlẹ̀ náà. Òun ló gé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì fò.

Àárọ̀ ọjọ́ burúkú náà ni ẹnì kan ń gbé àkàbà kọjá, tí orí àkàbà fi gún ìrù Olójú-méjì, tí aṣọ fi ya. Wọ́n ké sí i. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gé àbùlẹ̀, ó rán an, ó fi ọ̀dà tó ń mú aṣọ le kùn ún. Ẹni tó ń kun àwọ̀ ti jáde lọ ra ọ̀dà, nítorí náà àbùlẹ̀ náà wà ní funfun. Ó ní kí wọ́n dúró dè é. Ọ̀gá fíìmù ní oòrùn ń lọ. Farabalẹ̀ fọwọ́ gbá àbùlẹ̀ náà pẹ́lẹ́, ó ní, "Farabalẹ̀, ìyàwó mi, òkè lèmi máa wà, ta ló máa rí i?" Ó fi ìka tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó sì gun bàálù lọ.

Ó yẹ kó tan agolo èéfín bó bá dé ọ̀kánkán òkè. Èéfín yọ kó tó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni èéfín. Ní pápá ibòmíràn, bí bàálù bá ń rú èéfín, àwọn èèyàn á sáré gbé omi. Ní pápá tiwọn, àtẹ́wọ́ ni. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Wọn ò tíì rí kó ṣe é dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá fíìmù ju fìlà sókè. Obìnrin yìí náà pàtẹ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àtẹ́wọ́ pa, na ọwọ́ jáde kúrò nínú ọ̀já, ó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọrùn ìyá rẹ̀, ó ń kígbe ayọ̀. Nígbà tí àwọn tó kù dákẹ́, òun ò dákẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Ẹnì kan bu tíì sínú kọ́ọ̀bù de Farabalẹ̀. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn òkè, wọ́n ń retí kó gba ibẹ̀ yọ.

Páìpù òróró inú ẹ́ńjìnnì ló bẹ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì ló wá sọ fún un lẹ́yìn náà, kó má bàa rò pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ní àwọn rí ìrù náà nínú igbó, ó dá wà, àbùlẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò ṣí rárá.

"Mọ́mì?" ni ọmọ wí. "Ṣé òun ni?"

Ìyá lè ní òun kọ́. Ọmọ á banú jẹ́ díẹ̀, á gbé férémù lọ, ó sì lè gbé e kọ́ síbòmíràn, torí ó rẹwà. Ó lè ní òun ni, kó pa ẹnu mọ́. Àwọn ọmọdé á wá máa sùn lábẹ́ ẹ̀ lálaalẹ́. Òun ní tòun, ó lè máa ránṣọ lábẹ́ ẹ̀ títí ayé, kò ní dùn ún, nǹkan kan kì í dùn ún. Àmọ́ bó ṣe ro àwọn ọmọ náà tí wọ́n sùn sábẹ́ èéfín yẹn, ó rí i pé òun ò fẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti sọ gbólóhùn yẹn, pé òun ò fẹ́, gbẹ̀yìn, kódà fún ara rẹ̀.

"Òun ni," ló wí. "Ọjọ́ tó kú ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, torí kò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín náà dúró sójú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ìyá rẹ̀ fi àbùlẹ̀ hàn án. Ó sọ ti àkàbà fún un, ti ọ̀dà tó tán, ti páìpù, àti ti ohun tí ọ̀gá fíìmù ṣèlérí. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

"Wọ́n láwọn ti sun ún!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Wọ́n parọ́! Bàbá mi ń kú lọ, wọ́n gbé e sójú agbo kí ayé máa wò ó, kí wọ́n máa ní ó rẹwà! Ẹ̀yin ò bínú ni?"

"Mò ń wá ìbínú náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "N ò tíì rí i."

Ọmọ bú sẹ́kún. Ó sunkún gan-an, ó gbórí lé tábìlì láàárín àjákù kánfáàsì àti òwú. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bèèrè pé èwo ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ọmọ fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, títí tó fi dé ibi kan tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún, ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń tò kọjá. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, bàálù kan jókòó sílẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sínú rẹ̀ tí gíláàsì orí rẹ̀ ṣí, ó na apá kan síta, ó fi gbára lé ara bàálù bí ẹni gbára lé fèrèsé ilé rẹ̀. Kò sí òṣèré tí wọ́n máa gbé síbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òun ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ọmọ nu ojú. Ó sún mọ́ ọn. Bí ẹ̀wà ni ọkùnrin náà ṣe kéré. "Kò fò níbí."

"Kò fò."

"Mo fẹ́ èyí tó ń fò ni, Mọ́mì."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ lèmi fẹ́ kó wà."

Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní òun á ní kí wọ́n bá òun mú un tóbi. Ó fi aṣọ ibùsùn wé férémù ńlá náà padà, ó dè é, ó sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ó di kọ̀ǹpútà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún dúró.

"Nígbà tí mo wà níléèwé, wọ́n kó wa lọ sí sinimá lọ wo fíìmù yìí. Nígbà tó débẹ̀, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí."

"Gbogbo èèyàn ló ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. A pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. A rò pé agolo ni."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ọmọ yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀kùn. "Ẹ sọ pé ẹ pọ̀n mí sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń rán àbùlẹ̀. Èmi ńkọ́, Mọ́mì? Kí ni mò ń ṣe?"

Ẹ̀yìn ọrùn obìnrin náà gbọ́ ọwọ́ kékeré náà, ó gbọ́ ọ yékéyéké, pọ́, pọ́, pọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dì mọ́ etí tábìlì.

"O ń sùn," ló wí. "Oorun ti gbé ẹ lọ pátápátá."

Ọmọ mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.